Ibojì Mẹ́tàlélógójì Nínú Ẹ̀rọ Verlin

Ọkọ mi, Verlin Stamper, kì í rìn lásán. Bá a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń rí ètè rẹ̀ tó ń mì, mo sì rò lákọ̀ọ́kọ́ pé àdúrà ló ń gbà. Ìṣísẹ̀ ló ń kà. Ó mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ẹnu ọ̀nà wa dé etí odò Buckeye. Ó mọ iye tó wà láti ilé ìyá rẹ̀ dé ẹnu ihò èédú tí bàbá rẹ̀ wọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, tó sì fi jáde pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá náà ló sọ fún un pé kó wá iṣẹ́ tí yóò máa ṣe lójú oòrùn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn awọnlẹ̀ gé igbó, tó ń bá wọn fa ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, tó ń di ọ̀pá mú fún ẹni tó ń wo awò. Kò dé yunifásítì. Ara àpò ìwé tí wọ́n fi ń kó ọjà fún wa ní ṣọ́ọ̀bù ló fi kọ́ ìṣírò, á tú u, á tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ, á sì kọ ọ́ kún tinú-tẹ̀yìn. Nígbà tó fi máa di ẹni ogójì ọdún, bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá fẹ́ gbá ara wọn létí lórí ààlà oko ní àfonífojì wa, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè.

Ọdún márùndínlógójì ló fi ń kọ gbogbo ohun tó bá wọ̀n sínú ìwé kékeré aláwọ̀ ọsàn tó máa ń wà lápò àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oríkèé ìka bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó sì ra ẹ̀rọ ìṣírò kan, irú èyí tó máa ń ya ìlà sójú ara rẹ̀. Ihò róbótó kan wà lórí ẹ̀rọ náà, kò ju èékánná ìka kékeré lọ, irin tín-ín-rín mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀.

"Ẹnu rẹ̀ nìyẹn," Verlin wí fún mi. "Ibẹ̀ náà letí rẹ̀ wà."

Wáyà kan máa ń ti inú ihò yẹn lọ sínú awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Verlin á kọjú awò sí ọ̀pá, á tẹ bọ́tìnì kan, awò á wọn ọ̀nà tó jìn dé ibẹ̀, nọ́ńbà á gba inú wáyà wọ ikùn ẹ̀rọ. Tó bá délé, á fi wáyà kejì so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà tí ọmọbìnrin wa fi sílẹ̀ nígbà tó lọ ń gbé ní Cincinnati, àwọn nọ́ńbà á sì jáde sórí ìwé. Ó sọ ẹ̀rọ náà ní Màmá Àgbà, ó ní nítorí pé kì í gbàgbé nǹkan kan ni. Bó ṣe pa ìwé aláwọ̀ ọsàn tì nìyẹn.

Lọ́dún 1996 ni wọ́n fẹ́ la ọ̀nà ńlá gba orí Òkè Fugate kọjá. Ibojì wa ló wà lórí òkè yẹn. Ibojì mẹ́fà péré ló ní òkúta tí wọ́n gbẹ́ orúkọ sí. Ti àwọn yòókù, òkúta odò ni: ńlá kan níbi orí, kékeré kan níbi ẹsẹ̀, kò sí orúkọ kankan lára wọn. Orí wà ní ìwọ̀ oòrùn, ẹsẹ̀ wà ní ìlà oòrùn, kí ẹni tó bá dìde lọ́jọ́ àjíǹde lè kọjú sí ìmọ́lẹ̀. A mọ ẹni tó ni ibojì nítorí ẹni tó ń tún un ṣe. Ní oṣù karùn-ún lọ́dọọdún, gbogbo ìdílé á gun òkè, a ó ro ilẹ̀, a ó to òdòdó, a ó sì jẹun lórí koríko láàárín àwọn èèyàn wa.

Ìyá mi wà níbẹ̀. Ruthanne wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àkọ́bí wa, tó lo ọjọ́ mọ́kànlá láyé lọ́dún 1959.

Àwọn tó gba iṣẹ́ ọ̀nà náà ní ibojì mẹ́fà làwọn rí, mẹ́fà làwọn máa hú lọ síbòmíràn, òkúta lásán làwọn yòókù. A pe ẹjọ́. Àwọn ìdílé ní kí Verlin wọn gbogbo rẹ̀ kó sì yà á sórí ìwé. Ọjọ́ Túsìdeè ló wọn mọ́kànlélógójì. Òjò lé e sọ̀ kalẹ̀. Ní àárọ̀ Wẹ́sìdeè, ó padà lọ wọn méjì tó kù, ti ìyá mi àti ti Ruthanne. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n kẹ́yìn ni, pé òun fẹ́ fara balẹ̀ ṣe é.

Ní Tọ́sìdeè, katapílà kan gun òkè. Nígbà tí a fi máa gbọ́, ó ti ha gbogbo òkúta odò dà sínú àfonífojì. Ọ̀gá wọn ní àṣìṣe ni, pé ẹni tó wà á kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Òkúta mẹ́fà tó ní orúkọ ṣì wà lóòró. Láyìíká wọn, ilẹ̀ pupa ni, ó tẹ́ bí ojú pátákó.

Nítorí náà, ní Fúráìdeè tí kọ́ọ̀tù máa jókòó ní aago méjì ọ̀sán, kò sí ibòmíràn láyé tí èèyàn ti lè rí àwọn èèyàn wa àfi nínú ikùn Màmá Àgbà. Bí Adájọ́ Pennick ò bá rí ìwé, katapílà á padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni Verlin wọ pálọ̀ láti so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo wà ní kíṣìnì, mo ń da búrẹ́dì àgbàdo sínú páànù. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí mo yọjú, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di wáyà kan mú lọ́wọ́. Ajá wa, Sooner, ti jẹ orí rẹ̀, ó kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí irun àgbàdo.

"Oleta," ó ní, "pe Jewell."

Jewell ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọgbọ̀n ọdún ló fi gun òpó wáyà tẹlifóònù kó tó fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ tó fi dé, àpò irinṣẹ́ wà léjìká rẹ̀, tábà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wo wáyà, ó wo ajá.

"Ajá yìí gbọ́n jù ẹ́ lọ, Verlin. Òun mọ ohun tó fẹ́ jẹ láàárọ̀."

"Jewell, jọ̀ọ́."

"Mo ti gbọ́. Wáyà tó máa ń lọ sínú awò ńkọ́? Orí kan náà kọ́ ló wà lára àwọn méjèèjì?"

"Orí kan náà ni. Àmọ́ tó o bá gé ìyẹn, mi ò ní ohun tí mo máa fi so ẹ̀rọ mọ́ awò mọ́."

"O fẹ́ lo awò ní kọ́ọ̀tù?"

Verlin dìde. Ó lọ mú wáyà náà wá láti inú ọkọ̀, ó sì gbé e lé Jewell lọ́wọ́ bí ẹni gbé adìyẹ fún ẹni tó fẹ́ pa á. Jewell gé e.

Wọ́n tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì mi, orí tó dáa lára ọ̀kan, ìdí tó dáa lára èkejì, kí wọ́n lè so wọ́n pọ̀ di wáyà kan. Mẹ́ta tín-ín-rín ló ṣe pàtàkì nínú wọn, Jewell ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bó ṣe ń bó wọn: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń gbọ́, ẹ̀kẹta jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì dúró lé. Àmọ́ ní ọwọ́ kan, pupa, funfun àti dúdú ni. Ní ọwọ́ kejì, àwọ̀ ewé, búlúù àti yẹ́lò.

"Ẹni tó ṣe eléyìí àtẹni tó ṣe tọ̀hún ò tíì kíra wọn rí," Jewell wí. Ó wá ilẹ̀ àwọn méjèèjì rí, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Èyí tó kù, ó ní òun máa fi orí wò ó ni. Ó fi òjé gbígbóná jó o pọ̀, èéfín rẹ̀ gba orí búrẹ́dì mi kọjá.

Verlin ti wáyà bọ ihò, ó tẹ ẹ̀rọ, ó tẹ kọ̀ǹpútà. A dúró. Kọ̀ǹpútà ń ka iye ìgbà tó gbìyànjú: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan.

"Bóyá eré tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ò dọ́gba," Verlin wí. Ó wò ó, ó dọ́gba. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀mejì. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù. Ìṣẹ́jú àádọ́ta ni ọ̀nà kọ́ọ̀tù gbà.

Jewell tutọ́ tábà sínú agolo rẹ̀. "Ẹnu ni mo so mọ́ ẹnu. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Bí èmi àti ọkọ mi àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́."

Ó já a, ó pààrọ̀ wọn, ó tún ń jó o. Ìgbà yẹn ni àmì kékeré kan yọ lókè ojú ẹ̀rọ, mo rí i kí Verlin tó rí i, nítorí èmi ò ní nǹkan mìíràn tí mo lè wò.

"Kí nìyẹn?"

Àwọ̀ ojú ọkọ mi yí padà. "Bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Ọ̀rọ̀ tó ń bá wáyà sọ ló jẹ ẹ́ tán."

Gbogbo awọnlẹ̀ tó ní irú ẹ̀rọ yẹn ló mọ òfin rẹ̀. O ó pa á ná. O ó yọ bátìrì kékeré mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, o ó sì fi mẹ́ta mìíràn sí i láàárín ìṣẹ́jú méjì, torí nǹkan kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú un rántí láàárín àkókò yẹn. Má sì ṣe fọwọ́ kan bọ́tìnì títàn láé nígbà tí kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Bó o bá tẹ̀ ẹ́, á fi ìwọ̀nba okun tó kù tàn, á sì gbàgbé.

Verlin pa á. Ó yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó na ọwọ́ sínú dúrọ́ọ̀ ibi tá a máa ń kó bátìrì sí.

Àwọn ńláńlá ló wà níbẹ̀, ti tọ́ọ̀ṣì. Kékeré kankan ò sí.

Ó yẹ kó ti wò ó kó tó yọ wọ́n. Ó mọ̀. Mo rí i pé ó mọ̀.

"Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n!" Jewell ké. Verlin sáré. Méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó ku ọ̀kan. "Tọ́ọ̀ṣì bí i bírò tó o fi máa ń kàwé nínú ọkọ̀ ńkọ́, Verlin? Níbo ló wà?"

"Nínú ọkọ̀! Oleta, gba eléyìí, má jẹ́ kó ṣubú!"

Ó ju ẹ̀rọ sí mi lọ́wọ́ ó sì sá jáde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà bí ọmọ. Ọwọ́ mi ní òróró búrẹ́dì lára. Ó fẹ́ yọ̀, mo fún un mọ́ra, àtàǹpàkò mi sì rì sínú bọ́tìnì kan ní igun ìsàlẹ̀. Mo wò ó. Bọ́tìnì títàn ni.

Ìmọ́lẹ̀ ò yọ. Ohùn ò jáde. Jewell kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ka aago ara ògiri sókè: "Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀." Mo yọ àtàǹpàkò mi kúrò lórí bọ́tìnì náà.

Verlin wọlé, ó ń mí gúlegúle. Bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, ó de ìdérí, ó tàn án.

Kò mú iṣẹ́ rẹ̀ jáde bó ṣe máa ń ṣe. Ìbéèrè kan ló kọ sójú: ṣé kí òun gbìyànjú láti wá ohun tó wà níkùn òun tẹ́lẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ó ti gbàgbé," Verlin wí jẹ́ẹ́.

"Kò sọ pé òun gbàgbé. Ó ń bi ẹ́ ni," Jewell dáhùn. "Dá a lóhùn, ọkùnrin yìí!"

Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ojú ẹ̀rọ ṣófo. Mo gbọ́ fíríìjì tó ń kùn, mo gbọ́ Sooner tó ń họ ara lábẹ́ tábìlì. Mo ń wo àtàǹpàkò mi. Orúkọ ọjọ́ ni Verlin máa ń fi pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ. Nígbà tí orúkọ kan yọ níkẹyìn, Verlin fi ìka tọ́ ọ, ó kà á: TÚSÌDEÈ. Ó dúró de èkejì. Èkejì ò wá.

"Èyí tá a rí ni ká kó," Jewell wí, ó ti ki wáyà bọ ihò. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà gbọ́. Nọ́ńbà ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, Verlin ń kà á sókè bí ẹni ń ka ìṣísẹ̀, ó dé ogójì, ó dé mọ́kànlélógójì, ó dúró síbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú la jáde nílé, búrẹ́dì wà nínú ààrò, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, mo jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. A dé ibi afárá odò kí n tó lè lanu.

"Verlin, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnì yẹn. Ọwọ́ mi ló yọ̀."

Ó wa ọkọ̀ lọ díẹ̀.

"Mo rí òróró lórí rẹ̀," ó ní. "Òórùn búrẹ́dì àgbàdo ló ń rùn."

"O mọ̀, o ò sì sọ̀rọ̀?"

"Kí n sọ kí ni? Ta ló yọ bátìrì láìwo dúrọ́ọ̀? Ta ló pa ìwé tì?" Ó nu imú. "Ruthanne ni mo fi kẹ́yìn, Oleta. Èmi ni mo fi í kẹ́yìn."

Jewell wo ìta láti ojú fèrèsé. "Tí ẹ bá ti pín ẹ̀bi náà tán, ẹ jẹ́ kí èmi àti ajá rí tiwa mú."

Ní kọ́ọ̀tù, lọ́yà àwọn tó ń la ọ̀nà, Ọ̀gbẹ́ni Traywick, ga, aṣọ rẹ̀ sì dán. Ó gba ìwé Verlin, ó yí i sókè-sódò.

"Ọ̀gbẹ́ni Stamper, ṣé ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ fẹ́ fi dá ọ̀nà ìjọba dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Iṣẹ́ àṣetiléwá náà sì pé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lọ́yà ò rẹ́rìn-ín. "Mẹ́tàlélógójì lẹ kọ sínú ẹ̀sùn. Mọ́kànlélógójì ni mo kà síbí."

Verlin ì bá lè purọ́. Ó mọ ibi tí méjì yẹn wà, ó lè fi ọwọ́ fa àmì méjì sí i nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ní: "Mọ́kànlélógójì ni mo lè búra sí. Mo wọn méjì tó kù, ẹ̀rọ sì gbàgbé wọn. Mi ò ní kọ ohun tí ẹ̀rọ ò sọ."

"Ẹ̀rọ tó ń gbàgbé," lọ́yà wí, ó yíjú sí adájọ́. "Olúwa mi, bó bá gbàgbé méjì, ta ló mọ iye tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú mọ́kànlélógójì?"

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wọ adájọ́ létí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló ni méjì tó kù?" ó béèrè.

Ẹsẹ̀ mi gbé mi dìde kí n tó rò ó. "Èmi ni, sà. Ìyá mi àti ọmọ mi. Mo mọ ibi tí wọ́n wà."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n, mà?"

"Láti ibi orí ìyá ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ńbà méjìdínlógójì nínú ìwé yẹn, mo máa ń fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, mo máa ń ka ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún lọ sí apá gúúsù. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń kà á. Ní ibi orí ọmọ náà, mo rì ife tíì funfun kan, mo da ojú rẹ̀ dé, igbọ̀nwọ́ kan sísàlẹ̀. Ìyá mi ló ní kí n ṣe é. Katapílà yẹn ò lè ha jìn tó bẹ́ẹ̀."

Lọ́yà ní: "Olúwa mi, ẹsẹ̀ obìnrin ni a ó wá fi wọnlẹ̀ báyìí?"

"Tí ife ò bá sí níbẹ̀," mo ní, "ẹ da ìwé ọkọ mi nù. Gbogbo rẹ̀."

Mo gbọ́ bí Jewell ṣe fa èémí sínú lẹ́yìn mi. Mo ti fi òkú gbogbo àfonífojì ta tẹ́tẹ́ lórí ẹsẹ̀ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Adájọ́ Pennick fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè láti wò ó, bàtà kọ́ọ̀tù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, lọ́yà wà lẹ́yìn rẹ̀. Katapílà dúró sétí igbó, ẹni tó ń wà á jókòó lórí rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Verlin gbé awò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú òkúta mẹ́fà tó kù. Wáyà awò ti di gígé, nítorí náà Jewell ń ka nọ́ńbà láti orí ìwé, Verlin sì ń fi ìka rẹ̀ tó ń dùn ún yí awò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́. Níkẹyìn, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa tí kò ní àmì kankan, ó ní: "Méjìdínlógójì. Ìyá àgbà rẹ nìyí."

Mo bọ́ bàtà. Bàtà kọ́ọ̀tù gùn ju ẹsẹ̀ mi lọ. Mo fi gìgísẹ̀ kan èèkàn, mo kọjú sí gúúsù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ilẹ̀ tutù. Ní mẹ́sàn-án, mo fẹ́ ṣubú, Verlin na ọwọ́, mo ní kó má fọwọ́ kàn mí. Ní mẹ́rìndínlógún, mo dúró.

"Níbí."

Jewell gbé irin gbọọrọ tó fi máa ń wá wáyà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ó tì í wọlẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́, kò kan nǹkan kan. Lọ́yà kọ́wọ́ sápò. Jewell fà á yọ, ó sún un ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ó tún tì í. Kò sí nǹkan kan.

"Ọwọ́ òsì díẹ̀," mo ní. "Mo máa ń dúró síbi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, mi kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Ó sún un. Irin wọlẹ̀, ó lọ, ó lọ, ó sì kan nǹkan. Kì í ṣe ohùn òkúta. Ẹni tó bá ti fọ abọ́ rí mọ ohùn yẹn.

Adájọ́ ló kúnlẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú ilẹ̀ títí ìdí ife náà fi yọ, funfun báláú nínú pupa. Kò gbé e. Ó fi ilẹ̀ bò ó padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì kígbe sí ẹni tó wà lórí katapílà pé kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òkè.

Ọ̀nà náà yí gba ẹ̀yìn òkè lónìí, ẹ lè rí ibi tó ti tẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, kí a tó sọ̀ kalẹ̀, Verlin ṣí àpótí ọkọ̀, ó gbọn eruku kúrò lára ìwé aláwọ̀ ọsàn kan, ó sì fi ìka rẹ̀ tó wú kọ nọ́ńbà méjìlélógójì àti mẹ́tàlélógójì sínú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ohun tí awò bá sọ fún ẹ̀rọ, ó máa ń kọ ọ́ sínú ìwé náà, bó ti wù kí ìka dùn ún tó.

Nígbà tó kú lásìkò òtútù tó kọjá, èmi àti Jewell la lọ wọn ilẹ̀ rẹ̀. Jewell ò lè gun òkè dáadáa mọ́, ó jókòó lórí àga tó ń ká, ó ń bú mi pé ẹsẹ̀ mi ti wọ́. Láti ibi ife, mo ka ẹsẹ̀ márùn-ún lọ sí gúúsù. Mo mú ìwé aláwọ̀ ọsàn jáde, èmi tí mo fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹfà, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀: mẹ́rìnlélógójì, Verlin.